Ajá Tí Mo Retí ní Sinimá

                                                            Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                                            Ojúlé Kejìlá,
                                                            Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Epo.
                                                            Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Rọra, ọ̀rẹ́ mi láti ọjọ́ tí a ti jọ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ikọ́ yẹn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tuntun tí wọ́n ní iwájú orí rẹ̀ jọ tìrẹ? Kí Ọlọ́run bá wa ṣàánú ọmọ náà. Orúnkún rẹ òsì ńkọ́, èyí tó máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òjò ń bọ̀? Mo gbọ́ pé ó parọ́ fún ọ lóṣù tó kọjá, tí o kó gbogbo pákó rẹ wọlé, tí oòrùn sì ràn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Bá mi kí i. Sọ fún un pé kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe, àti pé èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe èyí tó ju tirẹ̀ lọ.

Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àgakágà tó bá ti jókòó lé, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí ọkùnrin yẹn ti fi iyọ̀ sí i, ó ti fi epo sí i, ó sì ń bù ú fún gbogbo ẹni tó bá wá gẹrun.

O rántí àkọ́bí mi obìnrin, ẹni tí o máa ń pè ní Kí-ló-dé nígbà tó wà ní kékeré nítorí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ti di ẹni tó ń ṣe fíìmù báyìí. Má tíì yọ̀. Kì í ṣe irú fíìmù tí ìwọ àti èmi mọ̀, tí ènìyàn á ti mọ ọ̀dàlẹ̀ ibẹ̀ láti ìran àkọ́kọ́. Tirẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, tí ohun gbogbo á máa rọra lọ bí ìgbà tí ìwọ bá ń fi ayùn gé igi. Àkọ́kọ́ tó ṣe, obìnrin kan ló ń ká aṣọ kan ṣoṣo fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo sùn. Wọ́n ní mo hanrun débi pé ẹni tó jókòó níwájú mi fi fìlà rẹ̀ bo etí. Èkejì, mi ò lọ rárá, iṣẹ́ ká mi mọ́. Nígbà tó bi mí bó ṣe rí, mo ní ó dára púpọ̀. Ó ní ibo ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Mo ní òpin rẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti parí ìjà. Rọra, ènìyàn kan ṣoṣo ló wà nínú fíìmù náà.

Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Nígbà tí ẹ̀kẹta pé, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí pákó, ó ní, "Bàbá mi, mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn ẹ̀ o. Ohun kan péré tí ẹ bá rí níbẹ̀, tó jẹ́ òótọ́, ẹ sáà sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún parọ́ fún mi, mi ò ní pè yín wá wo nǹkan kan mọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. Bí ọmọ bá pariwo mọ́ ọ, wàá pariwo padà, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ báyẹn, ó ti rò ó dé òpin nìyẹn. Mi ò fẹ́ di bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ fún. Mo búra pé mi ò ní sùn, mi ò sì ní parọ́.

Ọjọ́ kejì ló tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O mọ bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe ń kọ Yorùbá: ìhòòhò ni wọ́n ń rán ọ̀rọ̀ jáde, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nídìí. Ohun tó kọ ni pé kí a wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, AJA ni àkọlé rẹ̀. Ojú mi rí AJA, ẹnu mi sì pè é ní ajá. Ọ̀gá wa tó sọ ọ́ ní Rọra, tó sọ mí ní Kánkán, kò ṣèèṣì.

Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ta ni fíìmù ajá kò yé? Ajá á sọnù, ìyà á jẹ ajá, ajá á padà sílé, gbogbo ènìyàn á nu ojú. Kí n tó wẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo ti múra ohun òótọ́ tí mo máa sọ sílẹ̀: mo máa ní bí ajá náà ṣe ju ìrù nígbà tó rí olówó rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo sọ fún ìyàwó mi. O mọ̀ pé òun àti ajá kò rẹ́, láti ìgbà tí ọ̀kan ti lé e gba àárín ọjà kọjá tí ó sì gbé ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan lọ pátápátá. Ó ní òun á lọ nítorí ọmọ òun, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn lòun máa jókòó sí. Mo sì tún ṣe àṣìṣe kan: mo sọ fún onígbàjámọ̀.

Onígbàjámọ̀ yìí ní ajá kan, ńlá, aláwọ̀ ilẹ̀, tí etí rẹ̀ kan tẹ̀ sílẹ̀. Oníbàárà ló ń pè é, nítorí orí àga tí àwọn oníbàárà fi ń gẹrun ni ajá náà ń sùn. Ó fẹ́ràn ajá náà bí ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà sinimá, onígbàjámọ̀ ti dé ṣáájú wa, Oníbàárà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a lára, ara rẹ̀ ń dán. Obìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ajá kì í wọlé. Onígbàjámọ̀ kò jiyàn. Ó kàn na ìka sí pósítà tó wà lára ògiri, AJA gàdàgbà, òun náà kò ní àmì kan. Obìnrin náà wo pósítà, ó wo ajá, ó tún wo pósítà.

Ó ní, "Àbí òun ni òṣèré ni?"

Onígbàjámọ̀ ní, "Òun ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe mú Oníbàárà lọ sí ìlà iwájú, wọ́n mú un jókòó sórí àga tí wọ́n lẹ bébà "Àlejò Pàtàkì" mọ́. Ọmọ mi wà lókè nínú yàrá ẹ̀rọ, kò rí gbogbo èyí.

Iná kú. Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni sílíìnì yàrá kan. Sílíìnì ṣáá, láti igun dé igun, pátákó mẹ́sàn-án. Mo ní kò burú, ajá wà nísàlẹ̀, wọ́n á tó sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, kámẹ́rà kò kúrò lójú kan. Nígbà tí ojú mi kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó mọ̀. Mo rí i pé pátákó kẹta láti ara ògiri ti tẹ̀, pé ẹni tó kàn án kò gbá ìṣó rẹ̀ wọ inú igi dáadáa, àti pé àbàwọ́n omi tó wà láàárín kì í ṣe ti páìpù, ihò ìṣó orí páánù ló fà á. Mo ń sọ gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun ń ṣọ́ ajá tó wà níwájú.

Àbàwọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. A wá rí ọkùnrin kan lórí ibùsùn, ó dojú kọ òkè, kò ṣẹ́jú. Omi ń kán láti sílíìnì sí i lẹ́nu, tó, tó, tó, ó sì ń gbé e mì bí ẹni tó ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́bọ́ọ̀dù wúkọ́. O kà á dáadáa: kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kọ́kọ́ rò pé ènìyàn ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dìde ṣí i, aṣọ méjì péré ló wà níbẹ̀, ó sì tì í padà, ó ní "Pẹ̀lẹ́." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a gbọ́ nínú fíìmù náà nìyẹn, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì sọ ọ́ fún. Ìwọ pẹ̀lú mi ti kan kọ́bọ́ọ̀dù tí a kò lè kà mọ́. Èwo ló wúkọ́ rí?

Kò tíì tán. Ọwọ́ kan yọ láti inú sílíìnì tòun ti ṣíbí, ó ń ro afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń ro tíì, ó ro ó títí, ó sì padà wọlé. Ṣíbí yẹn bí mi nínú. Mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ mí, ó sáà bí mi nínú. Ìgbà tí mo ń kùn lọ́wọ́ ni wọ́n gbé tábìlì àti àga jáde, wọ́n kàn wọ́n mọ́ sílíìnì, ìyá arúgbó kan sì jókòó síbẹ̀, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ó ń gé èékánná rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Èékánná náà ń já bọ́ sókè. Rọra, ara mi bù máṣọ. Mo fẹ́ mọ irú ìṣó tí wọ́n fi kan àga náà, mo sì tún fẹ́ sá jáde, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ. Lókè pátákó, nǹkan kan ń rìn lórí igi. Gbì, wọ́ọ́. Gbì, wọ́ọ́. Ẹsẹ̀ kan ń tẹlẹ̀, èkejì ń wọ́ tẹ̀lé e. Mo fi ìgbúnwọ́ gún ìyàwó mi, mo ní, "Ajá ti dé. Ó ń tiro." Kíá ló gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, kò sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Oníbàárà náà gbọ́ ọ. Ó gbé orí sókè, ó gbó lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo gbọ̀ngàn fò sókè, àgbàlagbà kan ní àárín sì ké pe ìyá rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà fún ọ, nítorí mo ti búra pé mi ò ní parọ́. Lápá ìgbẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ kan gba ihò ìṣó wọ inú yàrá náà, tín-ín-rín bí òwú, ó ń rìn lára ògiri díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Níbikíbi tó bá dé, ẹsẹ̀ yẹn á dé ibẹ̀ lókè: gbì, wọ́ọ́. Kò sí nǹkan mìíràn. Èmi tí mo ti ń bínú sí ṣíbí láti ọjọ́ yìí, omi dé sí mi lójú. Mo wá ń bínú sí ara mi pé kí ló kàn mí kan ajá arọ tí mi ò tíì fojú rí. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ dúró, ojú aṣọ sinimá ṣú, fíìmù parí. Ajá kò yọjú.

Iná tàn. Ọmọ mi jáde sí iwájú pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n pè wá láti tú fíìmù náà wò. Gíláàsì kan wà lójú ọ̀gbẹ́ni náà, òmíràn wà lórí rẹ̀, nítorí náà Gíláàsì-Méjì ni mo máa pè é. Ọmọ mi wo ọ̀ọ́kán mi, ó rí i pé mi ò sùn, ojú rẹ̀ sì tàn yòò. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Gíláàsì-Méjì ní ta ló ní ìbéèrè. Mo na ọwọ́, wọ́n gbé makirofóònù fún mi, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ní ìbéèrè mi kò pọ̀.

Mo ní, "Ajá dà?"

Gíláàsì-Méjì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ti orí sójú. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ o! Ajá dà? Gbogbo wa la jókòó tí à ń retí ajá. À ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ò rí i. Ṣé kì í ṣe bí ayé ṣe rí nìyẹn?" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń wo fíìmù, òun kò tíì gbọ́ ohun tó ní ìgboyà tó gbígbó ajá tó dún láti ìta àwòrán, àárín àwa òǹwòran gan-an. Onígbàjámọ̀ dìde, ó tẹrí ba lórúkọ Oníbàárà. Obìnrin kan yí padà, ó bi mí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa fíìmù. Mi ò ní purọ́ fún ọ, Rọra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Mo ń mi orí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ.

Ọmọ mi gba makirofóònù. Ó ní, "Bàbá mi, kí lorúkọ fíìmù mi?"

Mo ní, "Ajá ni."

Ó ní, "Àjà ni, bàbá mi. Dò, dò. Kì í ṣe re, mí. Àjà."

Ìwọ náà bá mi gbọ́. Ìgbà wo la pè é ní àjà kẹ́yìn? Àwa oníṣẹ́, sílíìnì ni à ń pè é. "Ẹ wá bá mi ṣe sílíìnì," bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ń sọ. "Sílíìnì yín ti bàjẹ́," bẹ́ẹ̀ la ń dá wọn lóhùn. Mo ti fi sílíìnì bọ́ ọmọ náà, mo fi rán an nílé-ìwé, mo wá jókòó fún wákàtí kan àtààbọ̀, mo wo àjà láìṣẹ́jú, mo sì béèrè ajá. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé makirofóònù sórí tábìlì, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Ojú tì mí. Kì í ṣe ti ẹ̀rín wọn. Ti ẹ̀yìn ọmọ mi tí mo rí bó ṣe ń lọ ni. Mo pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà, kò gbé e.

O mọ̀ mí, bí nǹkan bá dùn mí, iṣẹ́ ni mo máa ń wá ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán, mo gbé àkàbà sí yàrá ìgbọ́únjẹ, mo gun orí sílíìnì ilé wa lọ wo páánù kan tó ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Mo rìn síwájú díẹ̀ lórí igi. Ìyàwó mi tó wà nísàlẹ̀ figbe ta.

Ó ní, "Bàbá Ọmọ! Ajá! Ajá fíìmù yẹn ti wà lórí ilé wa o!"

Mo dúró gbagidi. Mo ní èmi ni. Ó ní kì í ṣe èmi, ajá ni, òun gbọ́ bó ṣe ń tiro. Mo ní kò sí ajá kankan lókè níbí, èmi nìkan ni. Ó wá ní kí n tún rìn. Mo rìn. Gbì, wọ́ọ́. Ó ní kí n tún un ṣe. Gbì, wọ́ọ́.

Ó ní, "Yéè! Ẹ̀yin ni ajá náà!"

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti já bọ́ láti orí sílíìnì ilé-ìwé yẹn lẹ́sẹ̀ mi ọ̀tún kò ti gbé nílẹ̀ dáadáa mọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo bá mi gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ wá sílé ìwòsàn. Mo sì wá rántí pé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ilé dókítà eléyín, ọmọ mi wá gbé ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní òun fẹ́ gba ohùn. Mo rò pé ohùn igi ló ń gbà. Mo tilẹ̀ bá a kan pákó díẹ̀ ní àkànṣe kó lè dún dáadáa. Orí àkàbà yẹn ni mo jókòó sí títí ìyàwó mi fi ní ṣé mo ti di ìyá arúgbó inú fíìmù ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí yàrá tí ọmọ mi ti ń gé fíìmù, lókè ilé àwọn aránṣọ. Ó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó kí mi bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Mi ò jókòó. Mo ní mo wá sọ ohun tí mo rí. Ó ní kí n máa sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan bò. Mo ní kò yé mi. Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù tó wúkọ́ yẹn, àwàdà ni mo rò pé ó ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé mi láti ọjọ́ náà láìdúró gbọ́ ọ ná. Mo ní mo kórìíra ṣíbí náà. Mo ní ìyá arúgbó yẹn kò jẹ́ kí n gé èékánná mi. Mo ní pátákó kẹta ti tẹ̀, ojú sì ń ti mí pé wọ́n á rò pé èmi ló kàn án. Mo wá ní, "Ẹsẹ̀ tó ń rìn lókè yẹn, ẹsẹ̀ mi ni. Mo gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn, mo sì pè é ní ajá arọ."

Ó gbójú sókè. Ó wò mí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, mo ní mo gbé, mo tún ti bà á jẹ́. Àṣé ẹ̀rín ló ń há a lọ́fun. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ̀ kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lu ilẹ̀, ó ń sọ "ajá arọ, ajá arọ." Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló wà lójú rẹ̀ mọ́.

O rántí pé nígbà tí kò sílé-ìwé, tí ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo máa ń mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún. Bí mo bá wà lókè sílíìnì, á máa rìn kiri inú yàrá nísàlẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì síta. Mo máa ń yọjú wò ó, mo máa ń rò pé eré ló ń ṣe, pé ó ń ṣe bí ẹyẹ. Ìwọ náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kì í ṣe eré. Ó ní ẹsẹ̀ mi lòun máa ń gbọ́ lókè, òun á sì máa tẹ̀lé e káàkiri kí òun lè wà lábẹ́ mi gan-an, kí òun lè gbá mi mú tí mo bá já bọ́. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ wá já, mi ò sí ńbẹ̀." Nítorí náà lòun ṣe ṣe fíìmù náà.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé ó mọ bí mo ṣe tóbi tó nígbà náà? Mo ní ká ní mo já lé e lórí ni, à bá máa wá a lábẹ́ bàtà mi. Ó ní òun mọ̀ báyìí, òun kò mọ̀ nígbà náà. Mo dì mọ́ ọn, mo sì sunkún, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ti gbọ́, àwọn yẹn ti tó.

Kí o má baà rò pé ohun gbogbo ti dùn mọ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ ṣíbí kúrò. Ó kọ̀. Ó ní ṣíbí dúró. Mo ní bí ṣíbí bá dúró, mi ò fẹ́ràn fíìmù náà nìyẹn, mo fẹ́ràn ìdajì rẹ̀. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: "Bàbá mi fẹ́ràn ìdajì." Inú rẹ̀ dùn sí ìdajì yẹn ju gbogbo àtẹ́wọ́ Gíláàsì-Méjì lọ. Ní ti Gíláàsì-Méjì, ó ti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn nípa ajá tí a kò rí, ó sì ní òun kò yí ohùn padà, pé ẹni tó ṣe fíìmù kì í mọ ohun tó ṣe. Onígbàjámọ̀ gé ìwé ìròyìn náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Bí oníbàárà bá débẹ̀ láàárọ̀ báyìí, á ní kó rọra sọ̀rọ̀, òṣèré ń sinmi. Èmi fúnra mi mú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, mo kun àmì sórí gbogbo pósítà tó kù, ọ̀kan lórí A tibí, ọ̀kan lórí A tọ̀hún, méjèèjì dò.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ nìyí. Wọ́n ń gbé fíìmù náà bọ̀ wá sí ìlú yín, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago márùn-ún. Jọ̀wọ́, mú ìyàwó rẹ dání, kí o sì lọ. Yóò gùn lójú rẹ, àní ìwọ tí ohunkóhun kì í gùn lójú rẹ. Má ṣe wá ìtumọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi gbé ọmọ-ọmọ tuntun náà sọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Kí orúnkún rẹ, kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù.

Bó bá di apá ìgbẹ̀yìn, tí o bá gbọ́ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ rìn lókè, jọ̀wọ́, fọwọ́ kan ẹni tó bá jókòó tì ọ́, ẹni yòówù kó jẹ́, kí o sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ nìyẹn, pé kò tíì já bọ́.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbọ́n ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ,

Kánkán.